Aṣọ Ṣójà Tí Ọlájíre Kọ̀

Ọjọ́ tí wọ́n gbé kòròfo bọ́ǹbù dé ilé oúnjẹ náà, Ọlájíre ló di ilẹ̀kùn mú kí àwọn alágbàṣe lè rọ́nà gbé e wọlé. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún lára. Òdòdó ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ojú àlejò lè rí nǹkan tó dára kó tó jókòó. Ẹ̀ṣọ́ ni Ọlájíre, ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan ló gbà á tó sì fi í síbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ń gbé wọlé kò kàn án, àfi ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jí gbé jáde.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Ọlájíre, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti fẹnu ko ilẹ̀ Benin tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Dàhòmì. Kétu, ní òdìkejì ààlà, ni wọ́n ti fẹ́ ìyá rẹ̀ wá. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlógójì, ó ní ìyàwó àti ọmọbìnrin kan nílé, ó sì ń gbé ní Muhaisnah, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Dubai, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì gun bẹ́ẹ̀dì lórí. Láàárọ̀, bọ́ọ̀sì á kó wọn, á máa já wọn sílẹ̀ káàkiri Dubai bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Òun ni wọ́n máa ń já sílẹ̀ gbẹ̀yìn, nítòsí Al Baraha, lẹ́nu ilé oúnjẹ tuntun tí kò tíì ṣí.

Saigon Bunker ni wọ́n pe ilé oúnjẹ ọ̀hún. Místà Kólìn, òyìnbó tó jẹ́ máníjà ibẹ̀, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni Kólìn. Kì í pariwo mọ́ni. Habibi, ìyẹn olùfẹ́ mi lédè Lárúbáwá, ló ń pe gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó bá fẹ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti rò ó dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ pé ilé oúnjẹ pọ̀ ní Dubai ju iyanrìn lọ, pé ẹni tó bá fẹ́ kí èrò wọ́ tọ òun wá, àfi kó fi eré kún ọbẹ̀. Eré tó sì yàn ni ogun Vietnam. Ó to àpò iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà, ó ta àwọ̀n ṣójà sí àjà, ó ní kí ariwo hẹlikópítà máa ti inú ẹ̀rọ jáde. Ó lẹ àwòrán àwọn ọmọ ogun òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹrẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì fi máàpù àtijọ́ kan tó tóbi bí ilẹ̀kùn gèètì sáàárín wọn.

Alásè ibẹ̀ ni Hạnh, ọmọ Vietnam gan-an, obìnrin kúkurú tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí apá rẹ̀ le bí apá alágbẹ̀dẹ. Àǹtí Hạnh ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Òun àti Thảo, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ agbáwo, nìkan ni ọmọ Vietnam níbẹ̀. Nepal, Philippines àti Íńdíà ni àwọn yòókù ti wá. Lójoojúmọ́ ni Àǹtí Hạnh ń se oúnjẹ dánwò de ọjọ́ ìṣílé. Egungun màlúù á máa hó lórí iná láti àárọ̀ ọjọ́ kan di àárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ yan nínú iná. Yóò bu omi ọbẹ̀ náà sórí núdù nínú abọ́ jíjìn kan, yóò da ata sí i, yóò sì gbé e fún Ọlájíre lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, òun ò tíì rí ẹni tó mọ ata jẹ bíi tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Àǹtí Hạnh jáde láti ilé ìdáná, ó sì rí bọ́ǹbù náà. Ó sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó sì dúró tì í títí.

Ọlájíre bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, Àǹtí?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Ní Quảng Trị, lágbègbè tiwa, inú ilẹ̀ ló máa ń wà bí iṣu. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí ogun parí. Ogun ti parí dáadáa kí ẹ̀gbọ́n mi tó da ẹfọ̀n lọ sí pápá, tó gbẹ́ ilẹ̀ kó lè wa ọ̀dùnkún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò bá a padà wálé."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ogun Vietnam tí wọ́n ń sọ yìí náà ni?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ogun tí a fi lé Amẹ́ríkà ni àwa ń pè é. Kó tó dìgbà náà, a ti ja èyí tí a fi lé Faransé. Àwọn baba ńlá wa sì bá àwọn ọba Ṣáínà fà á fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn tó ń wá sílé wa ló máa ń fi orúkọ wa pe ogun wọn, bí ẹni pé àwa la lọ kàn wọ́n nílé."

Ọlájíre mi orí. Ọ̀rọ̀ náà bá a lára mu.

Àǹtí Hạnh tún ní, "Faransé gan-an kò dá wá. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé wọ́n kó àwọn ènìyàn dúdú gíga-gíga dání. Tây đen ni wọ́n ń pè wọ́n."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Òyìnbó dúdú."

Ọlájíre rẹ́rìn-ín. Òyìnbó dúdú kẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi ṣèèṣì bọ́ sórí máàpù ara ògiri. Wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ kan yí i ká lókè: INDOCHINE. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Ó wá kà á bí ará Kétu ṣe ń sọ Faransé: Ẹ́ńdóṣínì. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀: bàbá mi lọ Ẹ́ńdóṣínì, bàbá mi bọ̀ láti Ẹ́ńdóṣínì. Ó ti rò pé ìlú kan nílẹ̀ Faransé ni, kò mọ̀ pé ilẹ̀ Vietnam yìí ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ráyè jẹun ọ̀sán, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, bàbá yín tó lọ Ẹ́ńdóṣínì, kí ni wọ́n lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ogun ni," ni ìyá dáhùn. "Kí ló mú ọ béèrè? Àwọn Faransé ló ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan fa ọkùnrin sílẹ̀. Bàbá mi ò mọ ẹni tó ń bá jà, kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun. Ó ní tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ohùn kan á máa ti inú igbó wá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á máa sọ èdè Faransé pé: Ẹ̀yin ará Áfíríkà, kí lẹ wá ṣe níbí? Ẹni tó gun yín lẹ́yìn nílé, ṣé ẹ fẹ́ bá a gun àwa náà ni? Ó ní ìbéèrè yẹn dun òun ju ọta ìbọn lọ, torí òun ò rí èsì rẹ̀."

Ọlọ́gbọ́n mìíràn ì bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọlájíre kò lè gbé e mì. Ó wọ ilé ìdáná lọ bá Àǹtí Hạnh níbi tó ti ń gé ewé.

"Àǹtí, bàbá ìyá mi wà nínú àwọn òyìnbó dúdú yẹn."

Ọ̀bẹ dúró. "Agbègbè wo?"

"Mi ò mọ̀. Ìyá mi náà ò mọ̀."

Àǹtí Hạnh wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Máa lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ," ló sọ.

Láti ọjọ́ náà, abọ́ jíjìn kò jáde mọ́. Tí wọ́n bá pàdé ní kọ́rídọ̀, Ọlájíre á kí i, obìnrin náà á dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dun ọkùnrin náà, àmọ́ kò bínú sí i. Ó bi ara rẹ̀ pé, tó bá jẹ́ pé ọmọ ọmọ ẹni tó sun Ìmẹ̀kọ níná ló wá ń bá òun jẹ ata, kí ni òun ì bá ṣe?

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìṣílé, Kólìn pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lọ́sàn-án. Páálí ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Ó ṣí i, ó fa aṣọ ṣójà jáde, aláwọ̀ ewé gbígbẹ, pẹ̀lú akoto àti ìbọn onígi.

"Ọlájíre, habibi, tìrẹ nìyí. Gíga rẹ yìí dára. Bí àlejò bá dé, wàá kan sàlúù fún wọn, wàá máa pè wọ́n ní ọ̀gágun, wàá sì kó wọn wọlé bí ẹni ń kó ogun wọ abúlé. Ẹ̀yin agbáwo, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ará abúlé. Ẹ máa dé àkẹtẹ̀ yìí, ẹ máa lóṣòó sẹ́yìn ọparun, kí ẹ gbé ọwọ́ lérí. Tábìlì kọ̀ọ̀kan á mú ẹni tó bá wù ú lẹ́rú nínú yín, ẹni náà ló máa gbé oúnjẹ fún wọn. Àwọn àlejò máa gbádùn ẹ̀ gan-an. Yalla, ó yá, ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò mọ ohun tó tún lè ṣe. Thảo ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọmọ náà dé àkẹtẹ̀, ó lóṣòó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lérí. Ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn Àǹtí Hạnh ti wá, ní èdè wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀. Thảo dìde.

Kólìn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Chef, eré ni."

"Ìyá mi lóṣòó bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí Hạnh wí, "pẹ̀lú oyún nínú, nígbà tí wọ́n ń ti iná bọ ilé rẹ̀. Àwọn tó wà nínú àwòrán rẹ náà ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe eré. Bí ẹ bá máa ṣe èyí níbí, èmi ò ní se oúnjẹ níbí."

Ó yí padà wọ ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń pa iná gáàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó wà lábẹ́ ìkòkò egungun tó ti ń hó láti àárọ̀.

Ojú Kólìn pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gòkè. "Ọlájíre, wọ aṣọ rẹ. Kó o wá bá mi mú obìnrin yìí síta kó lọ gba atẹ́gùn. Tí kò bá fẹ́ rìn, gbé e."

Ọlájíre wo aṣọ náà. Tuntun ni, ó ń rùn bí rọ́bà. Ó rò ó pé báyìí gan-an ni ó ṣe rí fún ọkùnrin ará Kétu tí kò mọ ẹni tó ń bá jà: ẹnì kan na aṣọ sí i, ó na ìka sí ibi tí yóò lọ, ó sì pè é ní ẹni rere. Ó mú aṣọ náà, ó ká a dáadáa bí ẹni ká aṣọ olówó, ó gbé e sórí tábìlì, ó gbé akoto lé e.

"Rárá, sà."

"Aṣọ lásán ni, habibi."

"Wọ́n ti wọ̀ ọ́ fún bàbá ìyá mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì rán an lọ sílé obìnrin yìí. Ẹ ò ní rán èmi náà."

"Iṣẹ́ rẹ ni láti máa ṣọ́ ilé yìí. Ṣé o mọ̀ pé bí mo bá pe fóònù kan báyìí, visa rẹ ti lọ?"

"Iṣẹ́ mi náà ni mò ń ṣe," ni Ọlájíre dáhùn. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó yí ẹ̀yìn sí Àǹtí Hạnh, ó kọjú sí Kólìn, ó sì dúró bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń dúró. Thảo ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú páálí. Agbáwo kan tó jẹ́ ará Nepal ṣe bákan náà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Kólìn pe ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Kò pẹ́ tí Mùráínà fi dé. Ọmọ Ìlọrin ni Mùráínà, òun ni alábòójútó àwọn ẹ̀ṣọ́ agbègbè náà, ó sì ti pẹ́ ní Dubai débi pé ó ti gbàgbé bí òjò ṣe ń rọ̀. Ó fa Ọlájíre lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò iyanrìn.

"Àbúrò mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n ní o kọ àṣẹ."

"Mo kọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Aṣọ ni wọ́n ní kó o wọ̀ o, wọn ò ní kó o bọ́ sókòtò. Èmi tó ò ń wò yìí, Mùsùlùmí ni mí, mo ti wọ aṣọ Father Christmas rí ní mall, pẹ̀lú irùngbọ̀n. Mo wọ̀ ọ́, mo bọ́ ọ, mo lọ kírun. Kí ló kù?"

"Ẹ̀gbọ́n, Father Christmas ò sun ilé ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n á jẹ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọmọ mi ni mò ń rò. Lọ́jọ́ tó bá bi mí pé kí ni mo ṣe ní Dubai, mi ò fẹ́ máa wá èsì kiri bíi bàbá ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé aṣọ yẹn tọ̀ mí wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo máa kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yọrí nìyí. Kólìn gbìyànjú láti fi alásè mìíràn rọ́pò Hạnh. Ẹni tí wọ́n mú wá se omi gbígbóná kan tí àwọn tó ni ilé oúnjẹ tọ́ wò tí wọ́n sì gbé abọ́ sílẹ̀. Ìwé ìpè ti dé ọwọ́ àwọn àlejò. Kó tó di ọjọ́ kẹta, Kólìn fúnra rẹ̀ wá bá Hạnh, ó ní khalas, ó tán, kò sí eré mọ́. Wọ́n kó àpò iyanrìn kúrò, wọ́n já àwọ̀n, wọ́n gbé bọ́ǹbù jáde gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà wọlé. Orúkọ ilé oúnjẹ nìkan ló kù níbẹ̀, ìyẹn ò sì tíì kúrò títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Àmọ́ ọ̀gá tí a borí rẹ̀ máa ń wá ẹni tí yóò kanra mọ́. Alásè kò ṣe é fọwọ́ kàn. Ẹ̀ṣọ́ pọ̀ nílẹ̀ bí eṣú. Wọ́n ní kí Ọlájíre kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Jebel Ali, sẹ́nu gèètì ọgbà kan tí wọ́n ń to kọ̀ǹténà sí, níbi tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, tí oòrùn ti ń bá irin jó lójú ẹni.

Nígbà tí Àǹtí Hạnh gbọ́, ó pè é. Ó ní òun náà á fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Ọlájíre sọ fún un. "Ẹ ti borí níbẹ̀. Ẹ má fi ibi tí ẹ ti borí sílẹ̀ fún un."

Obìnrin náà wá ní, "Wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Ilé Thảo ni, ní Sharjah."

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe jáde ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Jebel Ali, Ọlájíre wọ ọkọ̀ lọ sí Sharjah. Yàrá kékeré ni Thảo ń gbé, ṣùgbọ́n oúnjẹ kún ibẹ̀ dé ojú fèrèsé. Àǹtí Hạnh gbé abọ́ jíjìn síwájú rẹ̀, ó da ata sí i. Kò tọrọ àforíjì pé òun dákẹ́, Ọlájíre náà ò sì bi í. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni Àǹtí Hạnh gbé fóònù ti igo omi, ojú àgbàlagbà kan sì yọ níbẹ̀ láti Vietnam.

"Àbúrò bàbá mi nìyí, Bàbá Khải," ni Àǹtí Hạnh wí. "Ọmọdékùnrin ni wọ́n nígbà Faransé. Nígbà tí Amẹ́ríkà dé, àwọn fúnra wọn ló gbé ìbọn. Mo ti sọ̀rọ̀ rẹ fún wọn."

Bàbá náà wo Ọlájíre títí. Ó sọ̀rọ̀, Hạnh sì ń túmọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ní o jọ wọ́n lóòótọ́. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n àwọn kú lọ́wọ́ àwọn òyìnbó dúdú lẹ́bàá odò."

Thảo gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọlájíre ṣe ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ. Ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ yàrá náà níwájú fóònù.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò lè sọ pé bàbá ìyá mi kọ́ ló ṣe é. Mi ò sì lè sọ pé òun ni. Mo kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀."

Hạnh túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Khải béèrè pé báwo ni tọkùnrin náà ṣe wá rí lẹ́yìn tó padà sílé.

"Ọlálẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀," ni Ọlájíre wí. "Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé Faransé fún un ní àmì-ẹ̀yẹ onírin kan fún ogun tó jà. Ọdún tí Dàhòmì gba òmìnira, àwọn aláṣẹ ní kí gbogbo ṣójà àtijọ́ fi àmì-ẹ̀yẹ wọn sáyà, kí wọ́n wá tò sí ìta gbangba. Bàbá wa wá. Ewúrẹ́ rẹ̀ ló fà dání, ọrùn ewúrẹ́ ló sì so àmì-ẹ̀yẹ náà mọ́. Ó ní ẹran òun náà ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń fà á kiri."

Hạnh kò tíì túmọ̀ rẹ̀ tán tí bàbá náà fi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó nu ojú rẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀.

"Wọ́n ní dìde nílẹ̀," ni Hạnh wí. "Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún ni ó gba àwọn, Faransé lọ, Amẹ́ríkà náà lọ. Kò sẹ́ni tó bá àwọn ka ẹni tó kú tán. Wọ́n ní kí n bi ọ́: ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé tiyín ti lọ tán?"

Ọlájíre ro ti àṣẹ tí Kólìn pa fún un, ó ro ti ìbọn onígi. "Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ ṣì kù."

Bàbá Khải gbọ́ ọ, ó sì mi orí bí ẹni tó ti mọ èsì náà tẹ́lẹ̀. "Kí wọ́n má dúró de ẹni tó máa bá wọn ṣe é," ló wí. "Àwa ò rí i."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Mùráínà pe Ọlájíre lórí fóònù lẹ́nu gèètì.

"Àbúrò, ṣé o gbọ́ mi? Místà Kólìn ní ẹni tí a fi rọ́pò rẹ ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kó o padà wá. Ohun kan péré ló fẹ́: kó o tọrọ àforíjì lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan. Wàá sì kúrò nínú oòrùn."

Ọlájíre fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ jà fún mi. Ẹ bá mi sọ fún un pé bó bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló nílò, mo máa wá lọ́la. Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ló nílò, ẹni tó yẹ kó bẹ̀bẹ̀ ń gbé inú ọ́fíìsì rẹ̀."

"Ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, sà."

Mùráínà mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín kékeré kan wá yọ nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ̀yin ará Ìmẹ̀kọ yìí. Ó dáa. Mo máa sọ ọ́."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dé ẹnu gèètì, awakọ̀ rẹ̀ ń fun fèrè, ó ń na ọwọ́ síta pé yalla, yalla, àwọn ọ̀gá ń dúró de òun nínú lọ́hùn-ún. Ọlájíre fi fóònù sápò. Ó rìn bọ́ sí iwájú ọkọ̀ náà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì ní kó dúró.

Ọkọ̀ náà dúró.